Ṣé ká gbà kí ìjọba ní kọ́kọ́rọ́ sí WhatsApp wa? Ohun tí wọ́n fẹ́ ká fọwọ́ sí ní ìpàdé àdúgbò wa

TíṣàKọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Àìkú, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọ̀rọ̀ kan wáyé níbi ìpàdé àdúgbò wa l'Ásẹ̀rò lọ́sàn-án òní tí ọkàn mi ò gbà. Nítorí wàhálà àwọn ajínigbé, àwọn kan mú àbá wá pé kí àdúgbò kọ lẹ́tà sí aṣojú wa l'Ábùjá: kí ìjọba fi òfin mú WhatsApp, Signal, Telegram àti irú wọn láti fún àwọn agbófinró ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á máa fi ka ọ̀rọ̀ tí aráàlú ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tó bá kọ̀, kí wọ́n gbégi dínà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́. Alága ní kí kálukú lọ rò ó wò kí a tó fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ò ní fọwọ́ sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n lè mọ ohun tí màá sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí wọ́n ń béèrè. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn pa kó tó kúrò lórí fóònù ẹni tó fi í ránṣẹ́. Kò ní ṣí títí yóò fi dé orí fóònù ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Encryption tí ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Orí fóònù àwọn méjèèjì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ tó ni WhatsApp kò ní in lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá, nǹkan tí kò sí ni wọ́n ń béèrè, àfi kí ilé-iṣẹ́ náà tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì dá ihò sí i lára. Ihò náà ò sì lè wà lára fóònù ajínigbé nìkan. Á wà lára tèmi, á wà lára ti ìyá ìyàwó mi, á wà lára ti dókítà tó ń bá aláìsàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ · 8:41 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Wọ́n gbé àbúrò mi nígbà tó ń ti oko bọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí tí fóònù bá dún, tí ẹ ò mọ̀ bóyá ohùn ọmọ ìyá yín lẹ máa gbọ́ ni àbí ti ẹni tó fẹ́ pa á. Tọ̀sán tòru ni ìyá wa ò fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ó ń gbé e wọ balùwẹ̀, ó ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. A ta ilẹ̀, a yá owó. Ó padà wálé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a ò tíì bọ́ nínú gbèsè náà di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nítorí náà, bí nǹkan kan bá wà tí ìjọba lè fi gbọ́ ohun tí àwọn ẹranko yẹn ń bára wọn sọ, ẹ fún wọn. Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ tèmi náà. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ tó ju ẹ̀mí àbúrò mi lọ?

ÌyáAláàdìrẹ · 8:47 alẹ́

Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àfaradà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́ láéláé.

Fẹ̀yìntìÌbarà · 9:05 alẹ́

Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ ni mo wà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwa, bí ìjọba bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà tàbí wáyà, ó ní ọ̀nà tó ń gbà. Orílẹ̀-èdè wo ló gbà kí aráàlú ní yàrá tí ìjọba ò lè wọ̀ rárá? Amẹ́ríkà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wò bí àwòkọ́ṣe náà ń ṣọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Tíṣà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù?

KóòdùỌbáńtokò · 9:38 alẹ́

Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Amẹ́ríkà tí ẹ dárúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ forí ṣánpọ́n. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, mo sì ti ka ìtàn yìí dáadáa.

Ní 1991, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Phil Zimmermann kọ sọ́fítíwíà kan, PGP, tí ẹnikẹ́ni lè fi ti lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa. Ọ̀fẹ́ ló fi í sílẹ̀. Nígbà yẹn, òfin Amẹ́ríkà ka irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà ogun, lórí ìwé kan náà pẹ̀lú ọta àti àgbá. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ sókè òkun láìgbàṣẹ ti rú òfin, PGP sì ti tàn ká ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 1993 ni wọ́n ti ń tọpinpin Zimmermann bí ọ̀daràn, ó di January 1996 kí wọ́n tó pa á tì, láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé òfin yẹn de sọ́fítíwíà, kò de ìwé. Ni ilé ìtẹ̀wé yunifásítì MIT bá tẹ gbogbo kóòdù PGP sínú ìwé ní 1995, ó sì gba ibodè kọjá bí ìwé yòókù. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ní 1997, wọ́n tún tẹ ẹ́, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní Yúróòpù sì jókòó, wọ́n fi ẹ̀rọ kà á lójú ewé kan dé èkejì padà sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá ní 1859. Orí mi máa ń wú nígbà tí mo bá rántí pé ìwé lásán ni wọ́n fi borí òfin yẹn.

Èyí tó kan àbá àdúgbò Tíṣà gan-an ni Clipper chip. Oṣù Kẹrin 1993 ni ìjọba Clinton gbé e jáde: ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi sínú tẹlifóònù. Yóò ti ọ̀rọ̀ pa, ṣùgbọ́n àjọ ìjọba méjì á pín ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tọ́jú, kí wọ́n lè mú un jáde bí òfin bá fún wọn láṣẹ. Ó dára létí, àbí? Ní 1994, onímọ̀ kan, Matt Blaze, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T nígbà náà, fi hàn pé ènìyàn lè tan kinní náà jẹ: kó lò ó láti ti ọ̀rọ̀ pa, kí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ìjọba má sì wúlò. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa bọ́, aláìmọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ á wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi di 1996, Clipper ti kú.

Wọ́n tún ṣe òmíràn. Wọ́n ní kí sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà sókè òkun máa lo kọ́kọ́rọ́ aláìlágbára, kí àwọn ará ilé wọn nìkan máa lo èyí tó le. Wọ́n tú òfin yẹn sílẹ̀ ní 2000. Ní 2015, ọdún 15 lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí rí i pé àìmọye wẹ́ẹ̀bù ṣì ń gba kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ yẹn, tí olè sì lè fi dọ́gbọ́n wọ àárín ẹni méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. FREAK ni wọ́n pe àbùkù náà. Wẹ́ẹ̀bù NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó kàn.

ÌyáAláàdìrẹ · 9:52 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé tí ẹ̀ ń là wá lọ́yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi.

Ìtòkú ni mo ti ń tajà. Orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi ti ń yan aṣọ, tará Èkó, tará Àbújá, tará London. Mo máa ń tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí àga, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá ya ti etí rẹ̀ náà kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ la fi ya á, kì í ṣe ti ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á fi àdírẹ́sì ilé wọn ránṣẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rí owó ránṣẹ́. Gbogbo ìwé ọjà mi, inú fóònù ló wà.

Àwọn olè gba WhatsApp ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Wọ́n pè é bí ẹni pé ẹgbẹ́ ìjọ ló ń pè, wọ́n ní kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀. Bó ṣe kà á tán, wọ́n lé e jáde nínú WhatsApp ara rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣé encryption tí ẹ ń wí yìí ò lè dá wọn dúró ni? Àti pé kọ́kọ́rọ́ tí ìjọba fẹ́ gbà yìí, ṣé ó kan owó wa ní báńkì?

KóòdùỌbáńtokò · 10:03 alẹ́

Mà, ẹ kú ọjà. Encryption ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni. Bí wọ́n bá tan ènìyàn tó fi fẹnu ara rẹ̀ ka nọ́ńbà náà fún wọn, kò lè gbà á. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tan two-step verification, kí ẹ fi PIN tí ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ yín lọ́la. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ń kó lọ sí Google náà ní títì tirẹ̀, ọwọ́ ara yín lẹ máa fi tan án, inú Chat backup ló wà.

Ní ti báńkì, irú ìmọ̀ yìí kan náà ló ń ṣọ́ áàpù báńkì yín. Bóyá òfin máa kàn án, ó kù sí bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, torí lẹ́tà tí Tíṣà ròyìn rẹ̀ ò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ · 10:10 alẹ́

Amẹ́ríkà 1993 lẹ̀ ń sọ. Èmi ń sọ ti igbó tó wà lẹ́yìn oko wa. Ẹ dá mi lóhùn: kí ni ọlọ́pàá máa fi mú wọn?

TíṣàKọ̀ǹpútà · 10:26 alẹ́

Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń bi yín. Nígbà tí wọ́n pè yín láti béèrè owó, ṣé orí WhatsApp ni wọ́n ti pè ni, àbí ìpè lásán?

Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ · 10:29 alẹ́

Ìpè lásán. Nọ́ńbà àbúrò mi gan-an ni wọ́n fi pè.

TíṣàKọ̀ǹpútà · 10:48 alẹ́

Ẹ ṣé. Ìpè lásán ò ní títì kankan tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ò lè ṣí. Wọ́n mọ nọ́ńbà tó pè, wọ́n mọ èyí tí wọ́n pè, aago tó jẹ́, bó ṣe pẹ́ tó, àti òpó tí fóònù náà ń gbà lágbègbè ibẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, ní kí wọ́n tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Láti December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo wa so NIN mọ́ síìmù. Ẹ rántí bí àwọn arúgbó ṣe tò sórí ìlà nínú oòrùn. Ààbò ni wọ́n ní ó wà fún.

Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ìyá yín ń gbé fóònù yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sí WhatsApp kankan tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n nílò wà lórí sáfà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Bí wọ́n ò bá lo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi tèmi ṣe?

Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ · 10:55 alẹ́

A mú nọ́ńbà náà lọ síbi tó yẹ ká mú un lọ. Wọ́n ní ká mú owó epo mọ́tò wá.

ÌyáAláàdìrẹ · 11:01 alẹ́

Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́.

Fẹ̀yìntìÌbarà · Ọjọ́ Ajé, 6:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ owó epo yẹn dùn mí wọra. Ó tì wá lójú, àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò níbi tí mo dúró sí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀daràn ló ń fi ìpè lásán pè. Àwọn agbésùnmọ̀mí ń lo Telegram. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ adájọ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, tí ọlọ́pàá ò lè dá a mú, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà níbí, ṣé kò ti sí òfin lórí ẹ̀ ni?

Agbẹjọ́ròÒkèÌléwó · 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Òfin wà, ó sì pọ̀ ju ohun tí àwọn ènìyàn rò lọ.

Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo àṣírí aráàlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Abala 45 wá ní òfin lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, bó bá jẹ́ ohun tó bójú mu ní ìlú tí ìjọba tiwa-n-tiwa wà. Nítorí náà Bàbá ò ṣì sọ. Kò sí yàrá tí adájọ́ ò lè pàṣẹ pé kí wọ́n wọ̀.

Ní 2019, NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, gbé ìlànà kan jáde lórí bí àwọn agbófinró ṣe lè tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ aráàlú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ná, kí wọ́n wá gba àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ẹ̀gbọ́nKútọ̀, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni apá yẹn ń sọ. Ìlànà náà sì dárúkọ encryption: ilé-iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala 45 nínú òfin 2015 tí Tíṣà mẹ́nu bà: adájọ́ lè fún wọn láṣẹ láti gba kọ̀ǹpútà ọ̀daràn, kí wọ́n sì lo ọgbọ́n èyíkéyìí láti tú ohun tó tì pa nínú rẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti lẹ́tà yín. Òfin tó wà ń sọ pé kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ mú un wá, nítorí ẹnì kan tí wọ́n fura sí, lẹ́yìn tí adájọ́ ti gbọ́ ẹjọ́. Lẹ́tà yín ń sọ pé kò gbọdọ̀ sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ìjọba kó tó ṣẹ̀ rárá. Èkejì yẹn le ju ohun tí abala 45 òfin ìpìlẹ̀ fàyè gbà, bí mo ṣe rí i. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 fúnra rẹ̀ ka encryption mọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ lè fi ṣọ́ ìsọfúnni àwọn oníbàárà. A ò lè máa fi ọwọ́ kan pàṣẹ pé kí wọ́n tì í, ká tún máa fi ọwọ́ kejì lù ú ní ihò.

Ohun kan wà tó ń dùn mí tí mi ò ní fi bò. Àjọ ló ṣe ìlànà 2019, Ilé Aṣòfin kọ́ ló jókòó jíròrò lé e lórí. Ohun tó wúwo tó báyìí yẹ kó la àríyànjiyàn ìta gbangba kọjá, kí aráàlú gbọ́ ọ, kí wọ́n dá sí i.

ỌmọAlábàtà · 8:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. FUNAAB ni mo wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ adájọ́ tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù wa níta.

Ọ̀kadà ni mo gùn. Wọ́n dá wa dúró, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó wọ aṣọ dúdú na ọwọ́, "Mú fóònù wá." Mo ní kí ni mo ṣe, ó ní ta ló ń bi mí. Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó fi tẹ ojú fóònù, ó ṣí. Áàpù báńkì ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó rí i pé owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọ WhatsApp, ó ń ka ọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀rẹ́bìnrin mi sókè fún èkejì rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Yahoo ni mí. Mo san owó kí n tó lọ.

Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọn ò gbọdọ̀ máa gba fóònù ènìyàn yẹ̀ wò lójú títì. Èmi ò rí i kí ìkéde yẹn dé ibi tí wọ́n ti dá mi dúró. Àwọn wọ̀nyí lẹ fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tiẹ̀ ní nílò àtàǹpàkò mi mọ́?

Fẹ̀yìntìÌbarà · 8:19 àárọ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ìwà jàǹdùkú nìyẹn. Àmọ́ olè tó wọ aṣọ ìjọba ni ká mú, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ni ká dá dúró.

KóòdùỌbáńtokò · 9:11 àárọ̀

Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà pé gbogbo wọn di olóòótọ́ lọ́la. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ilé-iṣẹ́ Vodafone ní ẹ̀rọ tí àyè wà lára rẹ̀ fún àwọn agbófinró láti tẹ́tí sí ìpè. Láàárín 2004 sí 2005, àwọn kan tí a ò mọ̀ wọ inú àyè yẹn, wọ́n sì ń gbọ́ ìpè àwọn ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Olórí ìjọba wọn, Kostas Karamanlis, wà lára wọn. Adájọ́ kankan ò pàṣẹ rẹ̀. Èyí tí kò tíì pẹ́ ni ti Amẹ́ríkà: òfin 1994 ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wọn ṣí irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní 2024 ni wọ́n tú àṣírí pé àwọn amí tí Amẹ́ríkà ní ti Ṣáínà ni, tí wọ́n ń pè ní Salt Typhoon, ti wọ inú àwọn ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń kó ìpè tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbọ́ sí. Ní December ọdún yẹn, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà gba àwọn èèyàn ńlá wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo áàpù tó ní encryption láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba kan náà tó gbé Clipper jáde.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn pẹ̀lú gbogbo owó wọn, níbo ni Nàìjíríà máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ fóònù gbogbo wa sí?

ỌmọAlábàtà · 9:20 àárọ̀

Ti pé kí wọ́n tì í pa náà, a ti rí i. June 2021 sí January 2022, ìjọba ti Twitter pa. Ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lò ó gbé VPN, áàpù tí wọ́n fi ń yẹ irú ìdènà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, sórí fóònù, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi polówó ọjà ló jìyà. July 2022 ni ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ìtìpa náà ò bá òfin mu. Bí wọ́n bá ti WhatsApp, ajínigbé á rí òmíì lò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tó ń tajà n'Ítòkú ni kò ní rí oníbàárà.

ÌyáAláàdìrẹ · 12:40 ọ̀sán

Ọjà ni mo wà, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Abẹ́òkúta yìí. Owó orí àwọn obìnrin ló fà á. Ní 1947, Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn aláàdìrẹ wà nínú wọn. Ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ wọ́de láìgbàṣẹ, wọ́n bá ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó gbé adé sílẹ̀ ní January 1949. Bí ìjọba ìgbà yẹn bá ní kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ kí wọ́n tó jáde, ṣé wọ́n á jáde bí?

Fẹ̀yìntìÌbarà · 1:15 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ojútáyé ni àwọn obìnrin yẹn ti ṣe é. Iwájú ààfin ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń kọrin. Wọn ò sá pamọ́.

ÌyáAláàdìrẹ · 1:32 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni sà, ojútáyé ni wọ́n jáde sí. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ilé Ìyá Ransome-Kuti ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, tí wọ́n ti ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n á jáde. Ọba ò sí níbẹ̀. Ibi tí ọba ò sí yẹn náà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Agbẹjọ́ròÒkèÌléwó · 1:40 ọ̀sán

Mà, màá sọ èyí ní ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ kan.

Fẹ̀yìntìÌbarà · 3:04 ọ̀sán

Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé. Mi ò ní ta ko ẹ mọ́ lórí pé kí ìjọba ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ gbogbo ènìyàn, torí ti Gíríìsì àti ti Amẹ́ríkà yẹn lágbára. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ń pa owó lórí wa, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Bí adájọ́ bá pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ẹni tó ni nọ́ńbà kan, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ibi tó ti wọlé, kí wọ́n ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà tó máa dáhùn kíákíá, tọ̀sán tòru. Bí èyí ò bá sí nínú lẹ́tà yẹn, mi ò ní bá yín fọwọ́ sí i.

TíṣàKọ̀ǹpútà · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo fara mọ́ ọn, torí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ní lọ́wọ́ lẹ̀ ń béèrè.

Mo ti tún lẹ́tà náà kọ, ẹ bá mi wò ó:

"Àwa olùgbé àdúgbò yìí ò fọwọ́ sí kí òfin èyíkéyìí dín agbára encryption kù tàbí kó fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ aráàlú sọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí àwọn agbófinró lo àkọsílẹ̀ ìpè tó ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bí wọ́n bá ti jí ènìyàn gbé, lábẹ́ ìlànà wákàtí 48 tó wà nílẹ̀. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì níbí tó ń dáhùn sí àṣẹ adájọ́. Kí Ilé Aṣòfin sọ ìlànà 2019 di òfin tí wọ́n jíròrò ní gbangba. Kí ó di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà fún agbófinró láti ṣí fóònù ẹnikẹ́ni lójú títì láìní àṣẹ adájọ́."

ỌmọAlábàtà · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kọ àtàǹpàkò sí i ní kedere. "Yálà nípa pípàṣẹ fún un láti sọ páásìwọ́ọ̀dù, tàbí nípa fífi ipá di ìka rẹ̀ mú." Wọ́n á ní àwọn ò béèrè páásìwọ́ọ̀dù.

Agbẹjọ́ròÒkèÌléwó · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ó tọ́, ẹ fi sí i. Àti ojú pẹ̀lú, torí fóònù tó ń fi ojú ṣí ti pọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NCC àti sí àjọ tó ń bójú tó Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i pé òun gbà á, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tó fọwọ́ sí yẹn.

Ẹ̀gbọ́nKútọ̀ · 7:33 alẹ́

Mo ti kà á. Mo bá ìyá wa sọ ọ́. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un kí n tó fọwọ́ sí i: bí ẹbí bá mú nọ́ńbà ajínigbé wá sí àgọ́, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì fún ẹbí ní ìwé tó fi aago tí wọ́n mú un wá hàn.

TíṣàKọ̀ǹpútà · 7:40 alẹ́

Mo ti fi sí i. Òun ni mo fi ṣáájú gbogbo rẹ̀.